Orúkọ Bọ̀dá Akínlọ́lá Ló Wà Lókè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Bọ̀dá Akínlọ́lá jẹ́, kó wo bó ṣe ń fá irùngbọ̀n fún arúgbó. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Adelphi, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, la ti jọ ń ṣiṣẹ́. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí lọ́yà wọn pọ̀ ju nọ́ọ̀sì wọn lọ. Àwa tó kù, tí a bá ti fi ọṣẹ pa bàbá kan lẹ́rẹ̀kẹ́, a ó fá a wàràwàrà, a ó bọ́ sórí ẹni tó kàn. Bọ̀dá Akínlọ́lá á kọ́kọ́ tẹ̀ríba díẹ̀, á ní, "Sà, ṣé omi yìí ò gbóná jù?" Bàbá náà lè má mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ á dáhùn. Àwọn tó máa ń gbá wa létí lára wọn, wọn kì í gbá Bọ̀dá Akínlọ́lá.

Oyèníkẹ́ lorúkọ tèmi. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n dákẹ́, ọdún kọkànlá sì rèé tí èmi àti Bọ̀dá Akínlọ́lá ti jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ń kọ ìtàn rẹ̀ nítorí pé àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ ọ́ kiri bíi pé ó tà wá ni. Kò tà wá. Ohun tó ṣe burú, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Tí mo bá fẹ́ bí i nínú, mo máa ń sọ fún un pé kí ará Ọ̀yọ́ tó kí ènìyàn tán, oúnjẹ á ti tutù. Ó kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí lọ́tìrì físà tó gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ dé Maryland. Ìyàwó náà ti di olóògbé. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọlọ́ládé, tí wọ́n bí síbí, ni wọ́n jọ ń gbé ní Glenn Dale. Ọwọ́ tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sójú pátákó ló wá ń fi nu ìdí àgbà, n kò sì gbọ́ kó ráhùn rí. Ó ní ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kò sí sùúrù tó tún le fún un mọ́.

Àwa Yorùbá méjìlá la wà níbi iṣẹ́ yẹn, òun sì làgbà wa. Tí tọkọtaya bá ń jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Tí ẹnì kan bá gba ìwé láti ọ́fíìsì tí kò yé e, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Àṣà kan sì wà láàárín wa tí kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀: ohunkóhun tí a bá fẹ́ kọ orúkọ sí, ìbáà ṣe káàdì ọjọ́ ìbí tàbí káàdì ìbánikẹ́dùn, Bọ̀dá Akínlọ́lá ló ń kọ́kọ́ kọ tirẹ̀, èmi a tẹ̀lé e, àwọn tó kù a sì máa kọ ọ́ bí ọjọ́ orí wọn bá ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ìgbà kan wà tí káàdì òyìnbó kan tí ìyá rẹ̀ kú fi ọjọ́ mẹ́ta wà lórí tábìlì, nítorí pé Bọ̀dá Akínlọ́lá wà ní ìsinmi. Òyìnbó náà ò mọ̀. Wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ tán kí a tó bá a kẹ́dùn.

A ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà náà. Mo ń sọ ọ́ báyìí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú. Ìwé àdéhùn tó wà láàárín ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ sọ pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ènìyàn méjì ni. Ó sọ pé wọn ò lè lé wa láìnídìí. Ó tún sọ pé tí ọ̀gá bá pè ọ́ sí ọ́fíìsì láti bá ọ ṣẹjọ́, aṣojú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó tì ọ́. Àga kan tiẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì náà tí a ń pè ní àga Kamilah, nítorí Kamilah ni aṣojú wa. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, ilé ìdáná ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má rò pé Bọ̀dá Akínlọ́lá ò mọ iyì ẹgbẹ́. Nígbà ìjọba ológun, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ọ̀yọ́ lé e níṣẹ́ torí pé ó kọ̀ láti wọlé kọ́ ọmọ nígbà ìyanṣẹ́lódì. Ẹgbẹ́ olùkọ́ ló dá a padà. Ó máa ń sọ ìtàn yẹn fún wa nígbà oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wa ti mọ ọ́n sórí. Ẹni tó mọ ohun tí òjò ṣe fún un, tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ da omi inú agbada nù, kí ni kí a pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìpàdé kan ló fà á. Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹgbẹ́ pe gbogbo wa sí yàrá ìpàdé kan ní Greenbelt, ìlú kan nítòsí wa. Kamilah dìde, ó ka ìwé kan pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ́ kéde pé òun lòdì sí àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń pè ní far right, àwọn tó ń wàásù pé àwọn kan ló ni ilẹ̀ yìí, pé kí àwọn tó kù padà síbi tí wọ́n ti wá. Ó ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ dìde. Òfin ìpàdé ni pé ìṣẹ́jú méjì lẹnì kọ̀ọ̀kan ní.

Bọ̀dá Akínlọ́lá dìde. Ìṣẹ́jú méjì ò lè tó ará Ọ̀yọ́ kí ènìyàn. Ó kí àwọn àgbà, ó kí àwọn ọ̀dọ́, ó kí àwọn tó bọ́ síṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ tí wọn ò lè wá. Ó sọ ti Ọ̀yọ́. Ó wá débi ọ̀rọ̀, ó ní, "Some of these people you are calling far right, they pray. They don't like abortion. Me too, I don't like it. So am I now an enemy of workers?" Ìbéèrè gidi ni. Títí dòní mo gbà pé ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí ẹnì kan dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n fóònù Kamilah ti dún pé àsìkò ti tó. Kamilah gbójú sókè, ó ní, "Akin, time's up. Have a seat, please."

Kì í ṣe ohun burúkú lójú tirẹ̀. Bó ṣe ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nìkan nínú wa tó pe bàbá yẹn ní Akin rí, ká má tiẹ̀ sọ pé kí wọ́n ní kó jókòó níṣojú àwọn tó tó bí lọ́mọ. Ó jókòó. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì yára gbójú mi kúrò. Ká ní mo pe Kamilah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lálẹ́ ọjọ́ náà, tí mo ní, "Arábìnrin, a kì í pe àgbà bẹ́ẹ̀," bóyá n kì bá tí kọ ìtàn yìí. Èmi tí ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n dákẹ́ dákẹ́, torí pé inú ń bí èmi náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wọlé wá bá a níbi tí a gbé mọ́tò sí. Wọlé ń ta ilé, aṣọ rẹ̀ a máa mọ́, eyín rẹ̀ náà a máa mọ́. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Òmìnira Onígbàgbọ́, tí wọ́n ń pín ìwé kéékèèké láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì sọ nǹkan kan tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ lórí ọ̀dà. Ó ní, "Daddy, ẹ kú ìsinmi, sà. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún yín ní meeting yẹn. Ó dùn mí."

Ẹ wá wò ó. Ẹni tí wọ́n pè ní Akin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún lọ́jọ́ Ìsinmi. Ojú bàbá yẹn tàn. Mo dúró tì í, mo rí i, inú mi sì dùn fún un.

Wọlé fa ìwé kan yọ. "Daddy, paper kékeré kan ni. Ó kàn ń sọ pé àwa Christians ò fẹ́ kí union máa fi orúkọ wa ṣe politics tí Bible lòdì sí. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sign, àwọn tó kù á tẹ̀lé yín. Wọ́n respect yín."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nínú yàrá tí a ti ń jẹun, Bọ̀dá Akínlọ́lá gbé ìwé náà sórí tábìlì. Ẹsẹ Bíbélì wà lókè rẹ̀, àlàyé díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà tí a ó kọ orúkọ sí. Ó kọ tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ olùkọ́ tó rẹwà yẹn. Mo kọ tèmi. N kò ka nǹkan kan kọjá ẹsẹ Bíbélì. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò rí i, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wí? Ìwé náà lọ yíká tábìlì títí ó fi kan Ànúolúwapọ̀ tó kéré jù láàárín wa. Òun náà kọ ọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé padà fún Bọ̀dá Akínlọ́lá. A jẹ oúnjẹ wa tán, a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri lẹ́bàá ibi tí a ti ń tẹ káàdì wọlé. Ilé iṣẹ́ ní àwọn ò mọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́, torí pé ó ju ìdajì àwa òṣìṣẹ́ lọ tó ti sọ pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Àwa mọ́kànléláàádọ́rùn-ún la jẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn méjìdínláàádọ́ta ló sọwọ́ sí ìwé tí ẹgbẹ́ Wọlé pín kiri. Ẹ yọ àwa Yorùbá méjìlá kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo iye tó kù.

Bọ̀dá Akínlọ́lá ní irọ́ ni, a ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìbínú wá Kamilah lọ sí ilé ìdáná. Kamilah ò bá a jà. Ó mú ẹ̀dà ìwé tí lọ́yà ẹgbẹ́ gbà, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka sí i. Lẹ́yìn ìwé náà, nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé àwa tí orúkọ wa wà níwájú kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣojú wa mọ́ níbi iṣẹ́ lọ́nàkọnà. Bọ̀dá Akínlọ́lá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó pe Wọlé lórí fóònù níbẹ̀. Wọlé ní, "Daddy, ẹ má worry, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní agbè gan-an ló fọ́. Láti ọjọ́ náà, Wọlé kò gbé ìpè wa mọ́.

Ọlọ́ládé ló wá fi èyí tó burú jù han bàbá rẹ̀. Ó wá orúkọ ẹgbẹ́ Wọlé lórí ẹ̀rọ ayélujára, ó rí fídíò kan níbi tí ọ̀gá wọn àgbà ti ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Níbẹ̀, kò sí ẹsẹ Bíbélì. Ọkùnrin náà ń sọ pé àwọn tó fi lọ́tìrì wọlé ti ba ilẹ̀ yìí jẹ́, pé kí wọ́n kó wọn dà sínú ọkọ̀ òfuurufú, tọmọtọmọ. Àwọn tó jókòó ń pàtẹ́wọ́. Ọlọ́ládé ní, "Daddy, ẹ̀yin ni they're talking about. Ẹ̀yin and me." Bọ̀dá Akínlọ́lá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bóyá òun á rí ibi tó ti yọ àwọn tó ń gbàdúrà sílẹ̀. Kò rí i.

Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi ní kí ẹnì kan máa dá gbé aláìsàn. Wọ́n ní ènìyàn ò tó. A kùn, ṣùgbọ́n ẹni tí a ó kùn sí létí ò sí mọ́.

Orí Ànúolúwapọ̀ ló já lé. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, Agége ló ti wá, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ku sáà ẹ̀kọ́ kan kó parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan tó sanra tọ̀ sára. Ọmọ náà tẹ aago pé kí ẹnì kan wá ran òun lọ́wọ́. Mo gbọ́ aago náà. Yàrá kejì ni mo wà, mo ń fún ìyá kan lóúnjẹ, ìyá tí oúnjẹ kì í pẹ́ há lọ́fun, n kò sì lè fi í sílẹ̀. Nígbà tí kò rẹ́nì kan, tí bàbá ń sunkún pé òtútù ń mú òun, ó dá a gbé. Bàbá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ bàbá náà sì kán.

Anna, ọ̀gá àgbà ilé ìtọ́jú, ní wọ́n á gbẹ́jọ́ ọmọ náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi pé ó pa aláìsàn tì, wọ́n á lé e, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá wà lórúkọ rẹ̀, ta ni yóò fún un ní ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì? Ọdún mẹ́rin tó ti fi kàwé lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣòfò yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, Bọ̀dá Akínlọ́lá ní ká lọ bẹ Anna. Mo tẹ̀lé e. Bí a ṣe wọlé, kó tó di pé mo jókòó, bàbá ti dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Nílé wa, tí àgbà tó tó bẹ́ẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, ẹjọ́ ti parí. Anna figbe ta, ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ tábìlì, nọ́ọ̀sì méjì sì gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn sáré wọlé. Wọ́n rò pé ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ti ń ṣí bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ nígbà tó ń sọ látilẹ̀ pé, "No, no, I am not sick. I am begging."

Ẹlòmíràn lè fi ṣe ẹ̀rín. Èmi ò rí i rín. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí gbogbo ayé. Anna ní kó dìde, ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ní òun ò ní agbára kankan, pé àwọn ọ̀gá òun lókè ni. Ó ní nígbà tí ìwé àdéhùn wà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń di gbogbo àwọn lọ́wọ́. Kò sí i mọ́ báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ bá Kamilah ní ilé rẹ̀ ní Greenbelt, nínú àwọn ilé àtijọ́ tó so mọ́ra wọn. Ó fún wa ní kọfí. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lédè òyìnbó tí mo ń túmọ̀ fún yín, ó ní, "Mr. Akínlọ́lá, mo gbọ́ pé mo fi orúkọ tí mo pè yín dójú tì yín. N kò mọ̀. Ẹ má bínú." Bọ̀dá Akínlọ́lá gbé ife sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Kì í ṣe Bíbélì ló kọ orúkọ síwèé yẹn. Inú ló ń bí mi."

Ó béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó béèrè parí lọ́jọ́sí: kí ló dé tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi kórìíra àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn tó bẹ́ẹ̀? Kamilah fi ojú fèrèsé hàn wá. Ó ní bàbá àgbà ìyá òun wà lára àwọn tó bẹ́ igi ibí yìí nígbà tí ìjọba ń kọ́ Greenbelt fún àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ilé parí, wọn ò fún aláwọ̀ dúdú kankan ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan láyé ìgbà náà gan-an ò gba aláwọ̀ dúdú, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló sì jèrè rẹ̀, torí wọ́n ń fi ìran kan dẹ́rù ba ìran kejì. Ó ní, "Wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ìkórìíra nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ará El Salvador tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń ba Bíbélì yín jẹ́. Wọ́n á sọ fún òyìnbó tálákà pé ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí ẹ ti ń wo ara yín tìfura-tìfura, wọ́n á gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ gbogbo yín. Ibi tí onírúurú òṣìṣẹ́ bá ti lè jókòó pọ̀, kí wọ́n sọ pé àwọn ò gbà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wó. Ẹni tó bá ń gbàdúrà kì í ṣe ọ̀tá mi, sà. Èmi náà ń gbàdúrà."

Bọ̀dá Akínlọ́lá ní ṣé kò lè bá Ànúolúwapọ̀ jókòó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kamilah mi orí. Ó ní a lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ jọ láti dá ẹgbẹ́ padà, òun á sì ṣe é pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ni yóò gbà, ọjọ́ méjì péré ló sì kù fún ọmọ náà. Òun á kọ lẹ́tà, òun á wá lọ́yà tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n òun ò ní àga níbẹ̀ mọ́. A wọ mọ́tò, a padà sí Adelphi.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Bọ̀dá Akínlọ́lá wọ kóòtù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n pe Ànúolúwapọ̀, ó fẹ́ tẹ̀lé e wọlé. Ọkùnrin kan tí wọ́n rán wá láti òkè béèrè pé kí ló jẹ́ sí i, ṣé lọ́yà rẹ̀ ni? Ó ní àgbà rẹ̀ lòun. Ọkùnrin náà ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo rí àga Kamilah kó tó pa á. Wọ́n ti gbé páálí ìwé lé e lórí.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ náà jáde pẹ̀lú àpò ìwé kan lọ́wọ́, káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti lé e. Lẹ́tà sí ìjọba ìpínlẹ̀ yóò jáde lọ́jọ́ kejì. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú Bọ̀dá Akínlọ́lá bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ dúró, sà."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde síta. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, Bọ̀dá Akínlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ilẹ̀. Ọmọ náà gbá a mú léjìká méjèèjì. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Ànú, èmi ni mo ṣe é. N ò ka ẹ̀yìn paper yẹn. N ò yí i padà rárá."

"Mo mọ̀, sà," ó ní. "Èmi kà á."

Mo rò pé n ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní, "O kà á? Lọ́jọ́ tí a sign? Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Ó wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. "Orúkọ Daddy àti tiyín ti wà lókè, ma. Mo rò pé ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tó yá mo wá rí i pé ẹ ò mọ̀, ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe máa correct Daddy níwájú gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn tí Kamilah ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn?"

Bọ̀dá Akínlọ́lá ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un, ibi tí àgbà ń jókòó, ọmọ náà sì kọ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn.